Agbẹnusọ Ọrùn Ìbídùn

Ògiri kíláàsì ti ń pọ́n bọ̀ kí Arínọlá tó rí i pé ọmọ kan ò tíì sọ̀rọ̀.

"Ẹnì kan ti dákẹ́ jù," ni ògiri wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ìyàwó tuntun tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ti dákẹ́ jù nínú kíláàsì yín."

Arínọlá yọjú wo ẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí, olùbẹ̀wò tí Àjọ Àjọjókòó rán wá, ti fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga tí wọ́n nù fún un láàárọ̀. Ògiri ló ń wò, kò wo àwọn ọmọ rárá. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ọ̀rọ̀ Arínọlá wà lónìí. Bó bá ní ó yege, ó di olùkọ́ nìyẹn. Bó bá ní kò yege, kò sí ìgbà kejì fún ẹnikẹ́ni. Yóò padà sídìí ààrò ẹja yíyan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, níbi tí èéfín ti ń ta wọ́n lójú láti kékeré rẹ̀.

"Ìbídùn," ó pe ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, "ìwọ ńkọ́? Kí lo rí nínú àwòrán yìí?"

Ìbídùn ò wo àwòrán. Ó ti gbé orí lé tábìlì, ó fi eyín di ọrùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ohùn ọmọbìnrin kan sì jáde láti inú rẹ̀, ohùn tó já gaara.

"Tíṣà mi, mo rí ọkọ̀ ojú omi, mo rí obìnrin kan tó ń pàtẹ ẹja. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí o."

Ògiri fi pípọ́n sílẹ̀, ó padà di àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́ fún Ìbídùn, nítorí bí wọ́n ti kọ́ wọn nìyẹn.

"Ẹ ò rí ọmọ tó gbẹ̀kọ́!" ni Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí wí láti ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló bí i.

Agbẹnusọ ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Kò sí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ní gbogbo Ẹ̀pẹ́ tí kò ní ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀fẹ́ sì ni ìjọba ń fún wọn. Àwọn tó ṣe é mọ èdè wa, ká má purọ́ mọ́ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ bí a ti ń kí àgbà, ó mọ ẹ kú iṣẹ́, ó mọ ẹ kú ìjókòó, ó mọ ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ rí lè jí láàárọ̀ kí ó gbọ́ tí wọ́n ń kí òun ní ìyá mi. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó lẹ́nu ló ń kí ìyá wọn bẹ́ẹ̀?

Lókè ẹnu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n kọ òwe tí wọ́n fi gbé Òfin Àjọjókòó kalẹ̀: Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òfin náà dára nígbà tó dé. Ẹni tó bá ní kò dára, irọ́ ló ń pa. Ìyá àgbà Arínọlá ní àbúrò kan tí kò lè sọ̀rọ̀; yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tì í mọ́ títí ó fi kú, bí àlejò bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á ní ewúrẹ́ ló ń ké. Òfin ló fòpin sí ìyẹn. Òfin ló ní wọn kò gbọdọ̀ ya ọmọ kankan sọ́tọ̀ mọ́, pé kí gbogbo ọmọ jọ jókòó, kí gbogbo ọmọ jọ dáhùn. Ẹni tó ń dáhùn gan-an ni òfin kò béèrè, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ti wọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni agbẹnusọ ti ń kúrò lọ́rùn, inú omi ni. Láti ìgbà tí ọ̀sà ti gun òkè tó sì gbé ìdajì ìlú mì, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo ọmọ bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Bí àkókò bá tó, olùkọ́ á fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó lè ṣí, á kó wọn sínú igbá kan létí àtẹ̀gùn, kí àwọn ọmọ tó fò sínú omi. Nínú omi yẹn ni Arínọlá ti mọ Ìbídùn. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlẹ̀kẹ̀ ló mọ̀.

Ìbídùn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi, inú rẹ̀ ló dùn. Bó bá fa etí ara rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bó bá di ìkúùkù, tó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, nǹkan kan ń dùn ún ni. Ọjọ́ tí ìkarahun gé e lẹ́sẹ̀ ni Arínọlá kọ́ ìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ìyẹn sì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ ti ní ohùn, Arínọlá. Kí lo tún ń wá?" Ó sọ fún bàbá ọmọ náà pẹ̀lú, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣeun, ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ sílé.

Lónìí, ìkúùkù ọmọ náà wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀.

Arínọlá sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Òógùn ti bo iwájú orí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọlé lẹ́lẹ́.

"Ìbídùn, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?"

"Kò sí o, tíṣà mi," ni ìlẹ̀kẹ̀ dáhùn. "A dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ jí ire?"

Ta ni ká bá wí? Ọ̀dọ̀ wa ni ìlẹ̀kẹ̀ ti kọ́ ọ. Ta ló gbọ́ ọ rí kí Yorùbá sọ fún ẹni tó kí i láàárọ̀ pé inú ń run òun? Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lánàá á ní a dúpẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú dé á ní a dúpẹ́, á tún béèrè àwọn ará ilé rẹ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní a dúpẹ́, ojú rẹ̀ á máa sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á wò ó lójú, á ní, "Sọ òótọ́ fún mi." Ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ojú.

Arínọlá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara ọmọ yìí ò yá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí bi í.

"Òun ló sọ ọ́, sà."

"Mo jókòó síbí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé kò sí, a dúpẹ́."

"Ọwọ́ rẹ̀ ni, sà. Bó bá ti gbé ìkúùkù sábẹ́ àgbọ̀n báyìí—"

"Arínọlá." Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. "Gbogbo ayé ló máa ń gbẹnu sọ fún irú àwọn ọmọ yìí nígbà kan. Oníkálukú á ní òun mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìdí tí òfin fi dé nìyẹn. Òfin ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni kí á gbà gbọ́. Ọmọ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, ìwọ ní irọ́ ló ń pa. Ṣé bí o ó ṣe máa ṣe olùkọ́ nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ìgbàgbọ́ rẹ ló kù. Máa sọ ọ́, ká gbọ́."

Ìgbàgbọ́ olùkọ́ ni òpin ìdánwò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba àmì olùkọ́ gbọ́dọ̀ dúró níwájú kíláàsì, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbà gbọ́ nípa kíláàsì tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Arínọlá ti ronú tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sì ti bá a tún un ṣe, ó gé níhìn-ín, ó lẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ó fi ń dán gbinrin. Gbólóhùn tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀rọ yọ. Ó ní kò bá òfin mu.

Ó dúró níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Èmi Arínọlá gbà gbọ́ pé kò sí ọmọ tó kéré jù láti jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé kíláàsì rere ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún afọ́jú, fún arọ, fún ọlọ́gbọ́n, fún ẹni tí ẹ̀kọ́ ń pẹ́ kí ó tó wọ̀ lórí."

Ògiri ń mọ́lẹ̀ sí i bó ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí ń mi orí. Arínọlá mọ̀ pé òun ń yege. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹni tó ń wakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀nà ti tẹ́jú, ojú sì tì í pé inú òun dùn sí i. Ó rò ó pé kí òun parí rẹ̀ ná. Bí òun bá parí rẹ̀, òun á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, òun á ti di olùkọ́ nígbà náà, ẹnu òun á sì tólẹ̀. Irú ìrònú báyìí kò ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń rò ó kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Mo gbà gbọ́," ó ń bá a lọ, "pé nínú kíláàsì mi, gbogbo ọmọ ni yóò ní ohùn."

Ìbídùn gbé orí sókè. Ó wo Arínọlá lójú. Ó tún di ìkúùkù náà, ó ń gbá a mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí àwọn ará inú ilé kọ̀ láti ṣí.

Gbólóhùn tí ẹ̀rọ yọ ló jáde lẹ́nu Arínọlá dípò èyí tó kù.

"Bí ọmọ kan bá dákẹ́, èmi ni kí n lọ jókòó tì í, títí n ó fi mọ ohun tó ń sọ."

Ó sì lọ. Ó jókòó ti Ìbídùn, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ṣí, ó bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ náà.

Kíláàsì pọ́n fòò. "Wọ́n ti yọ ọmọ kan sílẹ̀," ni ògiri ń pariwo, "wọ́n ti yọ ọmọ kan sílẹ̀." Lábẹ́ ariwo yẹn, ohùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó nípọn, ó há, ó ń lọ sókè. Àwọn ọmọ kan di etí. Dèmíládé, tó jókòó lẹ́yìn Ìbídùn láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wọ ilé-ìwé, bú sẹ́kún.

"Tíṣà, kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ìbídùn ni."

"Irọ́ ni, Tíṣà. Ohùn Ìbídùn kọ́ nìyẹn."

Arínọlá tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó fi gèlè gbà á, ó sì mú ìlẹ̀kẹ̀ dání.

"O ti ba tìrẹ jẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí wí bó ti ń kọjá. "Kíláàsì tó tutù minimini! O gba ohùn lẹ́nu ọmọ aláìṣẹ̀ níṣojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Arínọlá wí, ó sì jáde sórí afárá pákó.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà, orí òpó ni òun náà wà bíi ti ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì Títọ́lá, obìnrin sísanra kan tó ti gbẹ̀bí ìdajì ọmọ àdúgbò, gba Ìbídùn lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rọra tẹ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Gbogbo ara ọmọ náà le gan-an.

"Àpẹ́ńdíìsì ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìfun kékeré yẹn ti wú. Bó bá bẹ́ sínú, ọwọ́ Ọlọ́run ló kù. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ó ti ń sọ pé a dúpẹ́ látàárọ̀."

Nọ́ọ̀sì kẹ́dùn. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, tó funfun, tí kò ní ibi ìdìmú. "Èmi kọ́ ni mo ń ṣí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ló ń ṣí i. Dá ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà sí i lọ́rùn, ká bi í."

Wọ́n dá a padà. Ilẹ̀kùn bi í pé níbo ló ń dùn ún.

"Kò sí ibì kankan tó ń dùn mí," ni agbẹnusọ wí. "A dúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì mi." Ìkúùkù ọmọ náà ń gbá àgbọ̀n bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kò mì.

"Ṣé ọ̀nà mìíràn ò sí ni, mà?"

"Ọ̀kan wà." Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ wò ó lójú. "Bí òbí tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì bá lè jẹ́rìí pé ọmọ kò ní ohùn. Pé ìlẹ̀kẹ̀ kò bá a mu, pé kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí ó lè dáhùn. Ilẹ̀kùn á ṣí fún un nígbà náà gẹ́gẹ́ bí aláìlóhùn, èmi ni n ó máa gbẹnu sọ fún un. Ṣùgbọ́n aláìlóhùn ò lè jókòó sí kíláàsì mọ́. Wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́ ní òdì kejì ọ̀sà."

"Ṣé wọ́n ń kọ́ wọn ní nǹkan níbẹ̀?"

"Wọ́n ń bọ́ wọn," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ibi tí wọ́n dé nìyí nígbà tí Bàbá Ìbídùn, tí ilé-ìwé ti ránṣẹ́ pè, já wọlé. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ọkùnrin náà ń ṣe, ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ síbi orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìbídùn, ọmọ mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí, bàbá mi. A dúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó gbójú sókè wò wọ́n. "Ẹ gbọ́? Ó ní kò sí."

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́," ni Arínọlá wí, "ẹ má fetí sí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ wo ojú rẹ̀, sà. Ó ń kú lọ."

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un, ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé dígí tí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ń tẹ ìka sí wá síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lókè dígí.

"Tíṣà," ó wí, "láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ohùn yìí nìkan ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ fẹ́ kí n fi ìka ara mi pa á?"

"Ohùn ọmọ yín kọ́ ni, sà."

"Ẹ rò pé mi ò mọ̀?" Omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ ọ́ìlì nù ún. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sí i lọ́rùn ni mo ti mọ̀. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́, Tíṣà. Ẹ má bínú. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

Ó yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì yí dígí sọ́dọ̀ Arínọlá.

"Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ jẹ́rìí," ni dígí béèrè, "pé ọmọ yìí kò ní ohùn?"

Arínọlá wo Ìbídùn. Ọmọ náà ti yọ ìkúùkù kúrò lábẹ́ àgbọ̀n. Ó di etí ara rẹ̀ mú, ó ń fà á, ó ń fà á. Kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n tún mú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, kí wọ́n tún gbé òun pọ̀n, kí Tíṣà tún jókòó ti òun. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ, ẹni náà ni wọ́n ń bi.

"Mo jẹ́rìí," ni Arínọlá wí. "Kò ní ohùn." Ó tẹ ìka. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìbídùn kò kú. Kí ojú iṣẹ́ abẹ tó jiná tán, ọkọ̀ funfun ti gbé e kọjá ọ̀sà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí padà wá sí kíláàsì. Arínọlá ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí pé kí wọ́n lé òun, kí ó sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń rín. Ó wo ògiri títí, láti àárọ̀ dé ìgbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun. Ògiri kò tilẹ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń dáhùn.

"Kíláàsì rẹ ti pé wàyí," ó wí. "A ti jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tí kò ní ohùn, ẹnikẹ́ni ò lè gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà o ò ṣẹ̀ sófin. Kódà, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ò bá a mu. Ojú rẹ mú." Ó fi àmì olùkọ́ sí i láyà fúnra rẹ̀. "Gbólóhùn tí o fi kún Ìgbàgbọ́ rẹ yẹn náà, ti kí á lọ jókòó ti ọmọ. Ó dùn mọ́ Àjọ. A ti fi í sínú ti gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á máa há a sórí."

Arínọlá yẹ kí ó já àmì náà sílẹ̀, kí ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Ó rò ó. Ó tún rò ó pé bí òun bá lọ, ta ni yóò jókòó ti ọmọ mìíràn tó bá dé? Bóyá òótọ́ ni. Bóyá èéfín ẹja ló ń sá fún. Òun gan-an kò mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì sí ẹni tó lè bi í, nítorí ìyá rẹ̀ ti ń pe gbogbo aládùúgbò kí wọ́n wá bá òun dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó kúnlẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, ó bá Bàbá Ìbídùn létí àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wọ omi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilé-ìwé ló ń tún ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú náà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi okùn ìpẹja so ó.

"Wọ́n ní kò wúlò lọ́hùn-ún," ó wí, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. "Ni mo bá mú un."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ rí Ìbídùn?"

"Wọ́n jẹ́ kí n rí i lánàá. Láti ẹ̀yìn dígí ni. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé." Ó gbé irin tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ó ti sanra díẹ̀. Ó rí mi. Bó ti rí mi báyìí, ó ń ṣe nǹkan kan, kò sì ṣíwọ́ títí wọ́n fi ní kí n máa lọ. Mo ní n ó bi yín, ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè rẹ̀."

Ọkùnrin náà di ìkúùkù. Ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń gbá a mọ́ ibẹ̀.

"Kí ló ń sọ, Tíṣà?"

Omi ń lu òpó ilé-ìwé. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ó tún kú. Bàbá Ìbídùn ń wo Arínọlá, ìkúùkù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ebi ń pa.

"Ó ń kí yín ni, sà," ni Arínọlá wí. "Ó ní kò sí. Ó ní a dúpẹ́."

"Ṣé ẹ rí i," ni bàbá náà wí. Ó mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.